Ìwé Ẹ̀rí Mi àti Lẹ́tà Títí

Yèyé mi àtàtà,

Ìwé ẹ̀rí náà ti dé. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ìyẹn fún yín kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, nítorí pé ẹ̀yin lẹ máa ń béèrè ju ẹnikẹ́ni lọ pé ìgbà wo ni àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù tó ń fún mi ní ìdánwò yóò jẹ́ kí n sinmi. Wọ́n ti jẹ́ kí n sinmi. Ó ti tó oṣù mẹ́rin báyìí. Orúkọ mi wà lórí ìwé náà ní kíkún, pẹ̀lú orúkọ bàbá mi, wọn kò sì ṣì í kọ. Wọ́n ní mo ti di akáńtáǹtì, mo sì lè máa kọ àwọn lẹ́tà kan sí ẹ̀yìn orúkọ mi bí mo bá fẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ti kọ ọ́, nígbà tí mo ń dán kálàmù tuntun wò lórí bébà kan. Mo sì fa bébà náà ya.

Ọjọ́ Àìkú ni òní. A ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ti jẹun, àwọn ọmọ ń sùn. Ọyẹ́ ṣì ń bo òkè, n kò rí i dáadáa láti ojú fèrèsé.

Ohun kan wà tí mo ṣèlérí fún yín, tí n kò ṣe títí ẹ fi lọ. Mo ti ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn apá kan wà nínú rẹ̀ tí n kò jẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ẹ rántí ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀. Ó ti di ọdún kọkànlá nígbà náà tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ìṣirò ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Odòde. Kò sí ìwé kan ní ọ́fíìsì náà tí kì í gba ọwọ́ mi kọjá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan wọ́n mú ọkùnrin kan wá láti Èkó, tí mo fi ọdún mẹ́jọ jù lọ, wọ́n ní òun ni ọ̀gá mi. Ó ní ìwé ẹ̀rí akáńtáǹtì. Èmi ni mo sì fi hàn án bí a ṣe ń ka àwọn ìwé wa. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Mo délé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ fún ẹ̀yin àti Títí ìyàwó mi pé èmi náà yóò ṣe ìdánwò náà. Ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. A ti bí Fọláṣadé àti Àkínwálé, Títí sì ti lóyún Bọ́sẹ̀.

Títí bi mí pé, "Ọdún mélòó ni yóò gbà?"

Mo ní, "Ọdún mẹ́ta."

Ó ní, "Ó dáa. Ọdún mẹ́ta fún yín, lẹ́yìn ìyẹn ó kàn mí."

Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọdún méje ni ó gbà mí.

Láti Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti máa ń fi àwọn ìwé tí mo ń kà ránṣẹ́ gba orí omi, wọn ó ti wé wọn sínú bébà líle, wọn ó sì ti fi okùn dì wọ́n. Ẹ kì í jẹ́ kí n gé okùn náà. Ẹ ó fi èékánná tú u díẹ̀díẹ̀, ẹ ó ká a, ẹ ó fi sínú agolo. Àlejò mi lẹ máa ń pe àwọn ìwé náà. Ẹ ó ní, "Àwọn àlejò rẹ tún dé o. Níbo ni wọn ó sùn sí?" Orí tábìlì ti kún, orí àpótí aṣọ ti kún, wọ́n sì ti gba àga tí bàbá mi máa ń jókòó sí kí ó tó kú. Láràárọ̀ ẹ ó fi aṣọ gbígbẹ nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì dá wọn padà sí àyè wọn. Ẹ kò mọ ìwé kà, síbẹ̀ ẹ kò dorí ìkankan kodò rí. Báwo lẹ ṣe ń mọ̀? N kò bi yín nígbà tí ẹ wà láàyè.

Bí mo bá ti ọ́fíìsì dé, mo máa ń wọ yàrá, mo ó máa kàwé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹ ó gbé àpótí ìjókòó yín sí ẹnu ọ̀nà, ẹ ó máa bó ẹ̀gúsí. Bí ọmọ kan bá fẹ́ wọlé wá bá mi, ẹ ó na ẹsẹ̀ yín dí i lọ́nà. Fọláṣadé sọ fún mi láìpẹ́ yìí pé nígbà tí òun kéré, òun rò pé àìsàn kan ló ń ṣe bàbá òun nínú yàrá yẹn, pé ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Gbogbo iṣẹ́ tó kù bọ́ sí ọwọ́ Títí. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé ìjọ wa ní àárọ̀. Bí ó bá ti ibẹ̀ dé, oko kòkó wa ní ọ̀nà Atosin ló kàn. Òun ló ń bá àwọn lébìrà tó ti Ìgbómìnà wá sọ̀rọ̀, òun ló ń mọ ìgbà tí kòkó ó gbẹ. Lọ́jọ́ tí Àkínwálé jábọ́ lórí igi gúáfà tó fi dá lápá, Títí ló gbé e wọ lọ́rì lọ sí ọsibítù ní Àkúrẹ́. Orí kan nínú ìwé nípa owó orí ni mo ń kà lọ́jọ́ náà. N kò kúrò lórí àga. Mo sọ pé mo ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. N kò lọ.

Mo yege nínú àwọn ìwé ìṣirò láìsí wàhálà. Ìwé òfin òwò ni ó dá mi dúró. Mo fìdí rẹmi nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo tún fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kejì. Mo ń múra láti ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta ní oṣù Kejìlá ọdún kẹrin nígbà tí ọ̀rọ̀ Títí dé.

Ìgbà yẹn ni ìjọba ń múra ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń wá olùkọ́ káàkiri. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ obìnrin kan ní Ìbàdàn ṣí kíláàsì ọlọ́dún méjì fún àwọn obìnrin tí wọ́n ti ń kọ́ni láìní ìwé ẹ̀rí, kódà àwọn tó wà nílé ọkọ. Títí kọ̀wé sí wọn, wọ́n sì gbà á. Oṣù Kìíní ni wọn yóò wọlé. Wọ́n ní kí ó fèsì kí oṣù Kẹwàá tó parí bóyá ó ń bọ̀, kí wọ́n lè fi ìwé ìwọlé ránṣẹ́ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Mo ní kí ó jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí ohun tí mo dáwọ́ lé.

Ó ní, "Bàbá Fọláṣadé, ọdún mẹ́ta lẹ sọ. Ó ti di mẹ́rin."

 Ẹ̀yin lẹ dá sí i. Ẹ ní kí ó máa lọ, ẹ ní ṣé ọwọ́ yín ti rọ ni, àbí kí ló wà nínú ọmọ mẹ́ta tí ẹ kò lè mójú tó. Mo ní kò burú. Títí kọ èsì rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan lórí tábìlì ìjẹun. Ẹ ní kí ó jẹ́ kí ẹ̀yin lẹ sítáǹpù náà. Ẹ lá a, ẹ fún ojú pọ̀, ẹ ní kí ni wọ́n fi sí i tó korò báyìí, ẹ sì lẹ̀ ẹ́ sí igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í lẹ̀ ẹ́ sí. Títí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé yóò dé. Ó gbé e fún mi, nítorí pé ojoojúmọ́ ni mò ń kọjá níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé mo fi lẹ́tà náà sáàárín ìwé òfin òwò kí ó má baà rún. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà, n kò yà síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo kọjá níwájú ibẹ̀, ilẹ̀kùn wọn ṣí sílẹ̀, n kò wọlé. Lọ́jọ́ kẹta bẹ́ẹ̀ náà ni. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, mo ti mọ ohun tí mò ń ṣe. Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Mo sọ fún yín nígbà náà pé mo gbàgbé. N kò gbàgbé. Mo ń rò ó pé bí ó bá lọ, ta ni yóò máa lọ sí oko, ta ni yóò gbé ọmọ lọ sí ọsibítù, báwo ni ìwé kíkà mi yóò ṣe rí. Mo ní ọdún kan péré ni, wọn á tún gbà á lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tí ọdún tó ń bọ̀ dé, n kò sọ nǹkan kan.

Ó bi mí ní òpin ọ̀sẹ̀ náà pé, "Ṣé ẹ ti fi lẹ́tà mi ránṣẹ́?"

Mo ní, "Mo ti fi ránṣẹ́."

Ohùn mi kò yí padà. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ lórí àpótí yín.

Láti ìgbà náà ni Títí ti ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn ilé ìwé láti wò ó bóyá kọ́lẹ́ẹ̀jì ti kọ̀wé pé kí ó máa bọ̀. Bí ó bá dé, kò ní sọ̀rọ̀. Yóò kàn bọ́ bàtà rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, yóò lọ sí ilé ìdáná.

Nígbà tí oṣù Kọkànlá ń lọ sí òpin, mo ti ọ́fíìsì dé, mo bá yín lórí àga mi nínú yàrá. Ẹ kì í jókòó síbẹ̀. Lẹ́tà náà wà níwájú yín lórí tábìlì, ìwé òfin sì ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aṣọ tí ẹ fi ń nu eruku wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ ní, "Lẹ́tà ta ni èyí?"

 Ẹ gbé ìka lé sítáǹpù náà.

"Ọwọ́ mi ló lẹ̀ ẹ́ síbí yìí. Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi."

Mo ní, "Yèyé, mo gbàgbé ni."

Ẹ wò mí. N kò mọ̀ títí di òní bóyá ẹ gbà mí gbọ́. Ṣé ẹ gbà mí gbọ́? Ẹ kò pariwo. Ẹ ní, "Lọ sọ fún un. Ẹ̀yìn ọdún ni wọ́n ń wọlé. Bóyá àyè ṣì wà."

"Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìdánwò yìí tán ná. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Bí mo bá sọ ọ́ báyìí, ilé á dàrú, gbogbo ohun tí mo ti kà á fò lọ."

"Èmi ò ní sọ ọ́. Kì í ṣe ẹnu mi ló yẹ kí ó ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìwọ ọmọ yìí, rí i pé o sọ ọ́ kí n tó lọ bá bàbá rẹ."

Mo ní mo gbọ́. Ẹ dìde, ẹ nu orí tábìlì, ẹ dá lẹ́tà náà padà sínú ìwé níbi tí ẹ ti bá a, ẹ sì jáde.

Mo lọ sí Èkó, mo ṣe ìdánwò náà. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ nípa ẹni tó fi lẹ́tà gba ohun tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, tí lẹ́tà náà kò sì dé. Wọ́n ní ṣé àdéhùn wà láàárín wọn àbí kò sí. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ni pé ní kété tí ó bá ti fi lẹ́tà náà sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́, àdéhùn ti wà, ì báà sọnù lọ́nà. Bí kò bá sì fi sínú àpótí, kò sí nǹkan kan. Mo kọ ojú ìwé méjì lé e lórí láìdánu dúró. Ìbéèrè tí mo mọ̀ jù lọ nínú gbogbo wọn ni. Mo yege.

Nígbà tí mo padà dé, ó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí kọ́lẹ́ẹ̀jì wọlé. Mo ṣì lè sọ ọ́. N kò ní àwáwí kankan fún ìyẹn. Ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì ni Títí dẹ́kun lílọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́ nígbà tó sọ fún yín níṣojú mi pé, "Yèyé, bóyá wọ́n rí i pé ọmọ mẹ́ta ti pọ̀ jù fún ẹni tó fẹ́ kàwé." Ẹ ní kí ó má ronú. Ẹ kò wo ojú mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, bí a bá ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, tí Títí àti àwọn ọmọ ti lọ síwájú, ẹ ó fà mí ní apá aṣọ. "Ṣé o ti sọ ọ́?" Mo ó ní, "Mi ò tíì sọ ọ́, Yèyé." Ó lọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan ó lé díẹ̀. Nígbà tó yá ẹ kò béèrè mọ́. Mo rò nígbà náà pé ara tù mí.

Ní ọdún kan náà, ọmọbìnrin kan tí Títí fúnra rẹ̀ kọ́ ní a-b-d ti kọ́lẹ́ẹ̀jì dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí, wọ́n sì fi ṣe olórí àwọn olùkọ́ kíláàsì ọmọdé. Abẹ́ rẹ̀ ni Títí wá ń ṣiṣẹ́. Ó sọ ọ́ fún wa nídìí oúnjẹ, ó ní ọmọ náà mọ iṣẹ́ gan-an, pé inú òun dùn sí i. Ó bu ọbẹ̀ fún Àkínwálé, ó ń sọ̀rọ̀ nípa nǹkan mìíràn. Mo mọ bí ó ṣe rí lára rẹ̀. Kò sí ẹni tó tún lè mọ̀ ọ́n jù mí lọ nínú ilé yẹn.

Ẹ kú ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ikọ́ tó mú yín kò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ. Ọ́fíìsì ni mo wà. Títí ló di yín mú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ sì gbẹ́mìí mì. A sin yín sí itẹ́ òkú ìjọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi. Wọ́n ní mo ṣe ọkùnrin, n kò sunkún. Ohun tí mo rántí jù ni pé mo ń to àwọn àga tí a yá, mo tò wọ́n tán, mo tún wọn tò. Ìwé méjì ló kù fún mi láti ṣe. Mo ṣe wọ́n lọ́dún kan náà. Eruku ti bo gbogbo àwọn ìwé tó wà lórí àga bàbá mi.

Ọjọ́ Ẹtì kan ní oṣù Kẹwàá ni ìwé ẹ̀rí náà dé. Ọ̀gá mi tó ti Èkó wá bọ̀ mí lọ́wọ́ níwájú gbogbo ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n Títí ni inú rẹ̀ dùn jù lọ. Ó gbé ìwé náà lọ han àwọn aládùúgbò láti ojúlé dé ojúlé. Ó ń sọ fún wọn pé, "A ti yege o. A ti yege." Kò sọ pé mo yege. Mo dúró ní ẹnu ọ̀nà, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ilé kejì. Mo rí i pé n kò lè gbé ọ̀rọ̀ náà mì mọ́.

Lọ́jọ́ kejì a lọ sí oko láti fọ́ kòkó. Àwọn lébìrà ti lọ gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ó fi bò ó. Èmi àti òun nìkan la jókòó ti òkìtì kòkó náà. Ó ń fi àdá fọ́ ọ, èmi ń fi ọwọ́ kó hóró rẹ̀ sínú agbọ̀n.

Mo ní, "Títí, lẹ́tà rẹ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, mi ò fi ránṣẹ́."

"Lẹ́tà wo?"

"Èyí tí Yèyé lẹ sítáǹpù sí."

Ó fọ́ kòkó méjì sí i. Mo rò pé kò gbọ́ ohun tí mo sọ.

"Ṣé ó sọnù ni?"

"Kò sọnù. Ọwọ́ mi ló wà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú un dání. Mi ò fẹ́ kí o lọ."

Ó gbé àdá sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ọdún mẹ́ta. Ọdún mẹ́ta ni mo fi rò pé wọ́n kọ̀ mí."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ń wò mí tí mò ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Ta ló tún mọ̀?"

N kò fẹ́ dárúkọ yín. Ṣùgbọ́n irọ́ tí mo ti pa ti tó. Mo ní, "Yèyé mọ̀. Wọ́n rí i nínú ìwé mi. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ, mi ò sọ."

 Ó ń wo omi kòkó tó ń gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ ohun tí n kò mọ̀. Ó ní nígbà tí àìsàn náà le, ẹ di ọwọ́ òun mú, ẹ ní, "Ìyàwó mi, ọkọ rẹ ní ọ̀rọ̀ kan tí yóò sọ fún ọ lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ tó bá sọ ọ́, gbọ́ ọ tán kí o tó dìde. Lẹ́yìn náà kí o ṣe tìrẹ."

Títí ní, "Mo rò pé obìnrin lẹ ní síta. Láti ọjọ́ tí a ti sin Yèyé ni mo ti ń retí obìnrin náà. Mo ti múra sílẹ̀ dè é. Mi ò múra sílẹ̀ de èyí."

Mo da hóró tó wà lọ́wọ́ mi sínú agbọ̀n.

"Ṣé ẹ ti sọ tán?"

"Mo ti sọ tán."

Ó dìde. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ koríko, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ ní òun nìkan. Mo bá àwọn lébìrà fọ́ èyí tó kù.

Yèyé, kí lẹ ní lọ́kàn nígbà tí ẹ ní kí ó ṣe tìrẹ? Ṣé ẹ rò pé yóò kó ẹrù rẹ̀? Kò kó o. Kò lọ sí ilé bàbá rẹ̀, kò sọ fún pásítọ̀, kò bú mi. Ó ní kí n gbé lẹ́tà náà wá. Ó dúró kà á, ó ká a, ó fi sínú àpótí rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohun tó bá di dandan nìkan ló ń bá mi sọ. Oúnjẹ mi kò pẹ́ rí. Bí mo bá kí i, ó ń jẹ́ mi. Àwọn ọmọ kò fura, àyàfi Fọláṣadé, tó ń wo èmi, tó ń wo ìyá rẹ̀.

Lẹ́yìn náà Títí kọ lẹ́tà mìíràn sí Ìbàdàn. Kò fún ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló mú un lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Akọ̀wé ibẹ̀ sọ fún mi pé kò kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi di ẹnu àpò, tí wọ́n sì gbé e sínú lọ́rì tó ń lọ sí Àkúrẹ́. Ó pẹ́ dé ilé ìwé lọ́jọ́ náà. Kò pẹ́ dé ilé ìwé rí.

Wọ́n gbà á. Kíláàsì náà ṣì wà.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni ilé iṣẹ́ olówò kan ní Èkó kọ̀wé sí mi. Wọ́n ti gbọ́ nípa ìwé ẹ̀rí mi. Wọ́n fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní, wọn yóò fún mi ní ilé. Irú iṣẹ́ tí mo torí rẹ̀ kàwé ni. Mo fèsì pé n kò ní lè wá, mo sì sọ fún Títí.

Ó ní, "Nítorí kí ni?"

"Ta ni yóò wà pẹ̀lú àwọn ọmọ?"

Ó rò ó. Ó ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé nítorí mi lẹ ṣe é."

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọ́fíìsì wọ́n rò pé mò ń bẹ̀rù Èkó. Abẹ́ ọkùnrin yẹn náà ni mo ṣì wà, lórí tábìlì kan náà.

Ó lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kìíní. Mo gbé àpótí rẹ̀ lé orí lọ́rì. Ó dì mọ́ àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ nǹkan sétí Fọláṣadé. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ mójú tó wọn." Mo ní, "Mo ó mójú tó wọn." Lọ́rì náà gbéra, ó gba abẹ́ òkè lọ. Bọ́sẹ̀ sáré tẹ̀ lé e díẹ̀, ó padà.

Mo ti ń dáná báyìí. Iyán mi ń ní kókó. Àkínwálé ní ọbẹ̀ mi ń rùn bí yíǹkì, Fọláṣadé sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń sọ ìgbà tí mo ó fi iyọ̀ sí i. Nígbà tí Bọ́sẹ̀ ní ibà lọ́sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, mo gba àyè ní ọ́fíìsì, mo jókòó tì í fún ọjọ́ méjì. N kò mọ ohun tí ènìyàn ń ṣe nídìí ọmọ tó ń ṣàìsàn. Mo ń fi omi pa á lára. Mo ń bi ara mi pé kí lẹ̀yin ì bá ti ṣe.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ Títí dé ní Ọjọ́bọ̀. Ó kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ bí ibùsùn wọn ṣe rí, ó ní òun ni àgbà jù nínú yàrá àwọn, pé wọ́n ń pe òun ní Màmá. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ló kọ tèmi. Ó ní bàtà Bọ́sẹ̀ ti ń há a lẹ́sẹ̀, kí n ra òmíràn fún un, kí n ra èyí tó tóbi díẹ̀, nítorí pé ó ń dàgbà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti wò ó bóyá nǹkan mìíràn wà níbẹ̀. Kò sí.

Lánàá mo mú Bọ́sẹ̀ lọ sí ọjà, mo ra bàtà náà. Ó tóbi díẹ̀. Kò jẹ́ kí n bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ sùn.

Èmi ni, Yèyé, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó pẹ́ kí ó tó gbọ́ràn.